Mọ́tò wà lọ́wọ́ yín, ẹ tún ní ká lọ yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ bá mi gbọ́. Àwọn agbófinró ojú pópó gbé mọ́tò àbúrò mi ní Ọjà Ọba. A sanwó ìtanràn tán, wọ́n ní àfi ká mú ìwé roadworthiness wá, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti yẹ mọ́tò wò, ó sì yẹ lójú pópó. Ẹ̀yin agbófinró, mọ́tò tó wà nínú ọgbà yín! Ṣé ẹ̀yìn la máa fi pọ̀n ọ́n lọ ni?

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ló ní ká pe mẹkáníìkì wá síbẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, ó dáa. Iná ẹ̀yìn apá òsì kò tàn. Táyà iwájú ti dán bí orí apárí, ká sòótọ́. A pààrọ̀ ẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Ọ̀gá tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ò tiẹ̀ bojú wo táyà. Ohun ìpaná ló kọ́kọ́ béèrè.