Hítà onítánkì nílé Yèyé mi: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ láti ọdún 2019

Ẹni tó bá ti sùn ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè lásìkò ọyẹ́ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Òkè ló yí ìlú náà ká. Láàárọ̀, omi inú dùrọ́ọ̀mù á tutù débi pé bí èèyàn bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, egungun ọwọ́ á máa ro ó. Ibẹ̀ ni Yèyé mi ń gbé. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bí wọn kò bá fi omi gbígbóná wẹ̀ láàárọ̀, orúnkún yẹn kì í nà bọ̀rọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, mo lọ kí wọn láti Adó. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, mo gbọ́ ìró ìkòkò lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo máa jáde, Yèyé ti gbé omi híhó kúrò lórí ààrò, wọ́n fi àkísà di etí ìkòkò mú, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú òkùnkùn lọ sí balùwẹ̀. Wọ́n fẹsẹ̀ kọ òkúta. Omi náà ta sí wọn lẹ́yìn ẹsẹ̀, kò pọ̀, àmọ́ awọ ibẹ̀ bó. Mo gba ìkòkò náà lọ́wọ́ wọn, àyà mi ń já pà-pà-pà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́ tán, mo ti pinnu pé hítà omi ìwẹ̀ máa wọ ilé náà.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Mo ra èyí tí kò ní tánkì, tó jẹ́ pé bí omi ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń gbóná. Ó kéré, ó wuyì lára ògiri. Ṣùgbọ́n wáàtì 3500 ló ń fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iná tó ń wá ní àdúgbò Yèyé kì í sì í lágbára, gílóòbù á kàn máa pọ́n bí àtùpà ni. Bí a bá tan hítà yẹn, gbogbo ilé á ṣú, omi á sì kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé aago tí Yèyé ń wẹ̀ kọ́ ni iná ń wà. Iná á dé ní bí aago mọ́kànlá òru, á sì ti lọ kí aago márùn-ún tó lù. Hítà tí kò lè tọ́jú nǹkan kan pa mọ́, kí ló fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń wẹ̀ ní aago mẹ́fà? Ẹ má sì sọ pé jẹnẹrétọ̀. Kékeré tí ọ̀pọ̀ wa ní nílé kò lè gbé ìdajì ẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló là mí lójú, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ òtútù tirẹ̀ ló ń sọ fún mi lórí fóònù. Ilé tó ń gbé kò ní gáàsì. Ohun tó ń mú yàrá rẹ̀ gbóná ni àpótí irin kan lára ògiri, bíríkì tó wúwo ló sì kún inú ẹ̀. Lóru, nígbà tí owó iná bá wálẹ̀ fún wákàtí méje, iná á máa gbóná bíríkì náà. Economy 7 ni wọ́n ń pe ètò yẹn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, iná á kú, bíríkì á wá máa tú ooru tó ti mu sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí ìgbà tí èèyàn bá gbé òkúta sínú ààrò lálẹ́, tó wá ń yáná ara ẹ̀ láàárọ̀ ni.”

Ó yìn ín, ó sì sọ àlébù ẹ̀. Kò sí nǹkan tó ń yí nínú ẹ̀, nítorí náà kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òní lèèyàn ti gbọ́dọ̀ mọ bí òtútù ọ̀la ṣe máa rí, torí bọ́tìnnì kan wà tó ń sọ iye ooru tó máa gbà lóru, òmíràn wà tó ń sọ iye tó máa tú jáde lọ́sàn-án. Bó bá gbàgbé láti yí ti ìkejì wálẹ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ooru á ti tán sára àga àti ògiri kó tó padà dé lálẹ́. Bó bá sì ní kóun tan hítà mìíràn lójú ọ̀sán, owó gọbọi ni, nítorí iná ọ̀sán lábẹ́ ètò yẹn wọ́n ju ti ẹni tó ń san iye kan náà tọ̀sán-tòru. Àgbàlagbà tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án ló ń jẹ èrè ẹ̀ jù.

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ Yèyé ń yé mi. Iná òru ni tiwa náà. Ohun tó máa gba iná lóru tó sì máa fi ooru pa mọ́ di àárọ̀ ni a nílò, kó kàn jẹ́ pé omi ló máa wà níbi tí tiwọn ti ń lo bíríkì. Mo ta èyí kékeré yẹn ní ẹ̀dínwó, mo sì ra hítà onítánkì, lítà 50, wáàtì 1500.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ o. Hítà onítánkì fẹ́ omi tó ń ti òkè wá, dùrọ́ọ̀mù ni Yèyé sì ń lò látijọ́. Owó tí mo ná sórí ìdúró tánkì, páìpù àti púlọ́ńbà ju owó hítà fúnra ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kó kọ́kọ́ ṣírò èyí.

Ọjọ́ tí Yèyé kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ omi náà, wọ́n dúró pẹ́, ọwọ́ wọn wà lábẹ́ omi, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Ìkògòsì ti wọ ilé mi.” Ẹni tó bá ti dé ìsun Ìkògòsì, tó ti fi ẹsẹ̀ kan sínú omi gbígbóná, tó fi ìkejì sínú omi tútù tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó.

Fóòmù tó wà láàárín tánkì inú àti páálí irin ìta ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an. Ìgbà kan wà tí iná kò wá rárá lóru, síbẹ̀ omi àná ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ tó láti wẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má wo dídán ara hítà. Ẹ béèrè bí fóòmù inú ẹ̀ ṣe nípọn tó.

Lọ́dún kejì mo ra irú ẹ̀ sí ilé tèmi ní Adó. Band A ni àdúgbò wa, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣètò pé kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́. Kí oṣù kẹrin ọdún 2024 tó dé, a kì í ka ohun tó ń jẹ sí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n sún owó iná Band A láti nǹkan bí náírà 68 sí náírà 225 lórí yúníìtì kan, mo gbé àga síwájú mítà. Mo pa gbogbo nǹkan yòókù, mo tan hítà nígbà tí omi inú ẹ̀ tutù pátápátá. Kí iná pupa ara ẹ̀ tó kú, wákàtí kan àtààbọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, yúníìtì méjì àti díẹ̀ sì ti lọ. Ìyẹn lé ní náírà 450. Àwa márùn-ún la fi omi náà wẹ̀, a ń lú u pọ̀ mọ́ omi tútù nínú báàkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá pín in, kò tó náírà 100 lórí ẹnì kan. Èyí kò dùn mí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá gbé yàrá kan, tó wá gbóná lítà 50 kó lè bu lítà méje tàbí mẹ́jọ nínú ẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ àríyá ló ń sè fún ẹnu kan. Kẹ́túlù ni kó rà. Ooru tí omi ìwẹ̀ kan ń fẹ́ kò yàtọ̀, ìbáà jẹ́ kẹ́túlù ló sè é tàbí hítà. Omi gbígbóná tí kò sẹ́ni tó lò ló ń gbé owó lọ. A lọ síbi òkú kan ní Ìkàrẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, a pa gbogbo nǹkan títí kan fíríìjì, a gbàgbé hítà. Yúníìtì tó lé ní mẹ́ta ló ti lọ kí a tó dé, torí bí omi bá ti ń tutù ló ń tún ara ẹ̀ tàn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti gbóná, pípa ni.

Ní ti bọ́tìnnì tó ń sọ bó ṣe máa gbóná tó, 60°C ni mo fi tiwa sí. Bó bá kéré jù, kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní Legionella a máa gbèrú nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó bá dúró pẹ́. Síbẹ̀ 60 lè bó ọmọdé lára kíákíá, nítorí náà omi tútù ló ń kọ́kọ́ wọ báàkẹ́ẹ̀tì nílé wa, kí gbígbóná tó tẹ̀lé e.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti dúró gbọ́ mi dáadáa nìyí. Ẹni tó so hítà Adó fún wa kò so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní earth. Mi ò mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ mi ọkùnrin di ẹ̀rọ omi mú pẹ̀lú ara tútù, ó sì pariwo. Iná ti ń jò bọ́ sínú omi. Ọlọ́run ló yọ ọ́, ó já ọwọ́ gbà. Mo pe oníṣẹ́ iná mìíràn, ó ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀, ó so wáyà rẹ̀, ó tún fi bíréékà tó ń gé iná fúnra ẹ̀ bí iná bá ń jò. Síbẹ̀síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ nílé wa nígbà tí hítà bá wà lórí iná. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń ti bọ́ílíńgì ríìngì bọ báàkẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ọ́ lára iná pátápátá kí ẹ tó fi ìka kan omi.

Ti Ẹ̀fọ̀n náà ní ìṣòro tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, omi tánkì òkè tán, iná dé lóru, hítà sì ń gbóná lásán. Irin tó ń gbóná omi nínú ẹ̀ jó. Nígbà tí púlọ́ńbà tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, omi ẹrẹ̀ pupa kọ́kọ́ ṣẹ̀, lẹ́yìn náà ló fa ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde tó ti jẹ títí tó ku wáyà àárín, bí orín tí èèyàn ti rún tán. Ó ní ọ̀pá yẹn ni wọ́n fi síbẹ̀ kí ìpẹtà lè máa jẹ ẹ́ dípò tánkì, àti pé bó bá tán, ara tánkì ló kàn. Mo di í mú lọ́wọ́, mo ń wò ó. Láti ọdún 2019, ẹnì kankan ò sọ fún mi pé nǹkan bẹ́ẹ̀ wà. Báyìí, ọdún méjì-méjì la ń tú u wò.

Kí púlọ́ńbà náà tó lọ, ó rí i pé omi ń kán láti ẹnu fáálù kékeré tó wà lábẹ́ hítà, ó sì fẹ́ fi rọ́bà dí i. Mo kọ̀ fún un. Omi tó bá ń gbóná a máa wú, fáálù yẹn ló ń jẹ́ kó rí ibi sá gbà. Bí wọ́n bá dí i, tánkì lè bẹ́. Abọ́ ṣílífà kan ló wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Bí Yèyé bá wẹ̀ tán láàárọ̀, wọ́n á gbé abọ́ náà jáde, wọ́n á da omi inú ẹ̀ sídìí efinrin ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ààrò wà tẹ́lẹ̀.