Ọjọ́ Ìsinmi ní Àgbádárìgì àti ní Stuttgart

Ọjọ́ Ìsinmi ni àwọn baba wa tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ pe Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n kí n tó dé ilẹ̀ Jámánì, n kò mọ̀ pé ìsinmi kankan wà nínú rẹ̀. Ní Àgbádárìgì tí wọ́n bí mi sí, ọjọ́ náà gan-an ni ariwo máa ń pọ̀ jù: aago ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àti àwọn aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà, ọmọ Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, èyí tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó múlé tì wá ní 1947. Bí ọjà Àgbálàtà bá bọ́ sí ọjọ́ náà, láti ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá mi ti ń kọjá sí ìdí àtẹ.

Ní Stuttgart tí mo ń gbé báyìí, ilé ìtajà a tì pa. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ gé koríko ní ọjọ́ náà, kò ní pẹ́ tí aládùúgbò rẹ̀ yóò fi wá kan ilẹ̀kùn. Òfin ló wà lẹ́yìn rẹ̀: ohun tí òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1919 sọ nípa ọjọ́ Ìsinmi, pé kí iṣẹ́ dáwọ́ dúró kí ọkàn sì gbé sókè, ni wọ́n tún mú wọ inú ti 1949. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere tí a fi ń rántí ikú Jésù, ijó gbangba pàápàá di èèwọ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìdákẹ́jẹ́ tí òfin ń ṣọ́ yìí, orí ewú díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń rí lórí àga ilé ìsìn.

Nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, fọ́ọ̀mù béèrè ẹ̀sìn mi. Mo rí ọ̀rọ̀ náà evangelisch, mo rò pé ajíhìnrere ni wọ́n ń sọ, mo sì fi ìdùnnú mú un. (Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì wo ni yóò kọ ìhìnrere?) Àṣé ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì tí ìjọba ń bá gba owó ni. Nígbà tí owó oṣù dé, owó orí ṣọ́ọ̀ṣì ti kúrò nínú rẹ̀: ní Baden-Württemberg tí Stuttgart wà àti ní Bavaria, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún iye owó orí tí ènìyàn ń san fún ìjọba, ní àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, ìdá 9. Ẹni tí kò bá fẹ́ san án mọ́ yóò lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba pé òun ti kúrò nínú ìjọ. Ọ̀pọ̀ ló sì ń lọ, títí tó fi jẹ́ pé láti 2022, Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì lápapọ̀ kò tó ìdajì ará ìlú mọ́. Nílé, ìjọba kì í bá ṣọ́ọ̀ṣì gba kọ́bọ̀. Owó kíláàsì, ìdámẹ́wàá àti ọrẹ ìkórè, ìtìjú ni agbowó-orí tiwa, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n ka gbèsè òun sétí ìjọ.

Ìwé òfin méjèèjì ló sì sọ pé ìjọba kò ní ẹ̀sìn: ti Jámánì láti 1919, tiwa ní abala 10 òfin 1999. Àmọ́ ní Jámánì, ìjọba ló ń sanwó olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní ilé ìwé. Lọ́dọ̀ wa, ìpàdé ìjọba kì í bẹ̀rẹ̀ láìgbàdúrà, bí Kristẹni bá ṣí i, Mùsùlùmí ni yóò pa á dé.

Ohun tó so ìlú méjèèjì pọ̀ fún mi ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gollmer. Lẹ́yìn tí Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, tí wọ́n wàásù lábẹ́ igi Àgíyà tó wó ní 1959, Gollmer ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS dé ní 1845 pẹ̀lú Townsend àti Àjàyí Crowther. Gollmer ni wọ́n ń dárúkọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ tó wà ní Marina Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti ń fi Bíbélì Yorùbá han àlejò. Jámánì ni Gollmer. Kirchheim unter Teck, tí kò jìnnà sí ilé mi, ni wọ́n bí i sí. Mo lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìyá àgbà tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, orúkọ tí ọmọdé tó ń mú àlejò káàkiri Marina lè kà láìwo ìwé. Ó fún mi ní bébà pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Mo kọ Gollmer, mo sì kọ Àgbádárìgì sí abẹ́ rẹ̀.