Pátákó Àtakò Aristotle: ibi tí iṣẹ́ dé

Pátákó eré ni èyí, tó ń fi hàn bí gbólóhùn mẹ́rin ṣe ń tako ara wọn nínú ẹ̀kọ́ Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì. Plywood 60 × 60 sẹ̀ǹtímítà ni ojú pátákó. Ihò mẹ́rin ti wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní 3, àárín rẹ̀ sì jìnnà sí etí méjèèjì ní 10. Gbólóhùn tó wà lábẹ́ wọn wá láti orí 7 De Interpretatione, ìwé Aristotle, lẹ́tà kan sì ni orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan: lókè lósì, A, “gbogbo ènìyàn ló funfun”, lókè lọ́tùn-ún, E, “kò sí ènìyàn tó funfun”, nísàlẹ̀ lósì, I, “ènìyàn kan wà tó funfun”, nísàlẹ̀ lọ́tùn-ún, O, “kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló funfun”. Ẹ má kọ “gbogbo ènìyàn kò funfun” sí O o. Ẹlòmíràn á kà á bí E, eré bàjẹ́ nìyẹn.

Bí ọ̀dà funfun bá yọ nínú ihò, òótọ́ ni. Dúdú ni irọ́.

A àti O kò lè jọ jẹ́ òótọ́, wọn kò sì lè jọ jẹ́ irọ́, nítorí náà ọ̀pá kan lẹ́yìn pátákó ló ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì láti igun dé igun. E àti I ní tiwọn. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan gùn ní 64.6, ó fẹ̀ ní 4, ó nípọn ní mìlímítà 6. Ṣóńṣó méjèèjì gba funfun ní sẹ̀ǹtímítà 4, 4 tó kàn sínú gba dúdú. Ẹ tì í ní 4, ihò méjèèjì á pààrọ̀ àwọ̀. Ẹni tó bá kun orí kan ní funfun-dúdú, tó tún bẹ̀rẹ̀ orí kejì láti inú pẹ̀lú funfun, á rí A àti O tí wọ́n jọ ń jẹ́ òótọ́.

Ibi tó le ni ti A àti E: wọ́n lè jọ jẹ́ irọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ jọ jẹ́ òótọ́. Bí ọ̀pá méjèèjì bá kàn ń lọ fàlàlà, wọ́n á jọ funfun. Ọ̀kan kọjá lórí ìkejì ní àárín pátákó, àlàfo mìlímítà 8 sì wà láàárín ọ̀pá òkè, tó sún mọ́ pátákó, àti ti ìsàlẹ̀. Inú rẹ̀ ni a lẹ pákó róbótó méjì sí, ọ̀kan lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, tó fẹ̀ ní 3.5, tó nípọn ní mìlímítà 6. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé àárín pátákó ló ń dí ìkejì lọ́nà. Àárín pákó róbótó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jìnnà sí ṣóńṣó A (tàbí E) ní 30.3. Bí a bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sí ìdajì ọ̀pá gan-an, ní 32.3, kò síbi tí méjèèjì á ti gbà, gbogbo rẹ̀ á há. Bó bá sì fẹ̀ ní 1 péré, ọ̀pá kejì á rìn tó 3 kó tó dúró, funfun á ti gba ihò.

Kò sí ohun tí a fi kún un mọ́ fún ìyókù. A funfun, E di dúdú, I sì funfun fúnra rẹ̀. I àti O kì í jọ dúdú láé. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ nìkan ló jìn jù nínú ihò, nítorí náà orí rẹ̀ méjèèjì gba ìtìlẹ́yìn igi mìlímítà 14, kí a tó kùn ún.

Ó ku ti Chrysippus àti àwọn Stoic, ẹgbẹ́ onímọ̀ ọgbọ́n orí mìíràn ní Gíríìsì. “Ojúmọ́ ti mọ́” àti “ojúmọ́ ti mọ́, ilẹ̀ kò sì ṣú” kì í tako ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “kò” wà nínú ìkejì: àfi kí ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, “kì í ṣe pé”, ṣíwájú gbogbo gbólóhùn. Ipa ọ̀nà káàdì “kì í ṣe pé” yóò wà ní apá òsì nìkan, ní 8, kí káàdì méjì lè wọ̀ ọ́, nítorí pé méjì ń pa ara wọn rẹ́.