Ọjọ́ Tí Mo Fi Ṣòkòtò Ṣeré Ọba Jogbo Níwájú Àna

Ẹ má bi mí mọ́ nípa ìró tí mo ró nínú fọ́tò yẹn. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi, mo ti rí i. Èmi ni mo wà nínú rẹ̀. Orúnkún mi nìyẹn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé orúnkún mi burú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ ti bá mi là á yé ara mi.

Ọ̀rọ̀ Túndé Kèlání, TK tó ń ya fíìmù Yorùbá, ló fà á. Ẹ kúkú mọ̀ mí. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ TK níbi tí mo bá jókòó sí, ẹnu mi kì í gbọ́ tèmi mọ́. Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ la lọ ṣe l'Ábẹ́òkúta, ìyàwó mi sì ti kìlọ̀ fún mi láti ìta: "Bí wọ́n bá ní kó o jẹun, jẹun. Bí wọ́n bá ní kó o dọ̀bálẹ̀, dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ sinimá, jọ̀ọ́, má dá a sílẹ̀." Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́, nítorí èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀.

Bàbá ìyàwó ni. Wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n ti pa obì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ agbẹnusọ wa ti dìde, ó ti tún agbádá ṣe, ó ti ń sọ ọ́ pé a rí òdòdó kan nínú ọgbà wọn tó wù wá já. Bàbá ìyàwó bá da ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: "Lórí ilẹ̀ ta ni òdòdó ọ̀hún ti hù? Torí pé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ o."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ká sì ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Bàbá ò tíì parí. Wọ́n ní láti ọdún 1993 tí fíìmù yẹn ti jáde, tó fi ní apá mẹ́ta, kò sẹ́ni tó tíì ya irú rẹ̀, TK alára ò yà á mọ́. Wọ́n ní olóyè tó ta ilẹ̀ baba ńlá wọn, tó wá ń sá fún ikú kiri, bí àwọn bá ti rí i báyìí, àwọn a lọ yọ ìwé ilẹ̀ tàwọn wò.

Àbúrò ìyá ìyàwó mi, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, bá pòṣé láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò kan àwọn, O Le Kú ni fíìmù. Wọ́n ti ka ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá yẹn, èyí tó jáde lọ́dún 1974, àkàtúnkà, nígbà tí TK sì sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1997, ńṣe ni wọ́n lọ dá bùbá pénpé àti ìró orúnkún, òlékú tí fíìmù náà dá padà sóde. Òlékú ló sì wà lára wọn lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí. Wọ́n ní kò sí ọkùnrin tó lè fẹ́ràn fíìmù náà dénú, torí pé gbogbo wọn ló rí ara wọn nínú Àjàní tó ń fẹ́ obìnrin mẹ́ta pọ̀. Bàbá ìyàwó wo àjà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣì wà lórí ìdúró. Òdòdó ti ń rọ lẹ́nu wọn. Wọ́n gbàgbé ìdí tí a fi wá, wọ́n ní Ṣaworoidẹ ni òpin ọ̀rọ̀, ọdún 1999 tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ gan-an ló jáde, ẹni tí kò bá sì rí Nàìjíríà nínú ìlú Jogbo inú fíìmù náà, kó lọ ṣe awò ojú. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin rẹ́rìn-ín, ó ní kásẹ́ẹ̀tì gbogbo àwọn àgbà ti hu, pé Ayinla ti ọdún 2021 nìkan ni èèyàn lè wò lóde òní láìfi ojú wá àwòrán kiri. Bàbá ní kó fi Àyìnlá Ọmọ́wúrà sílẹ̀ fún àwọn tó jó sí orin rẹ̀ nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó bí i.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi obìnrin náà gbé Dazzling Mirage kalẹ̀, ti ọdún 2014, nítorí àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, pé ọjọ́ tí TK ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀ẹ́sì ya fíìmù lòun ti bá a yọwọ́. Obìnrin náà ò fọhùn sókè rárá. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ wo Thunderbolt lọ́dún 2001, èyí tó jẹ́ ti mágùn, tí gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú rẹ̀?"

Mágùn! Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́! Ilé pa rọ́rọ́. Ìyá mi ń ka iye òrùlé. Bàbá ìyàwó bojú wò mí, èmi náà bojú wo ilẹ̀, mi ò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀.

Ẹni tó gbọ́n, ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ì bá ti dákẹ́. Èmi? Mo ní kí n gba àwọn àgbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìtìjú. Mo ní gbogbo yín lẹ ṣì í, Agogo Èèwọ̀ ni.

Ẹ gbọ́, mi ò ní yí i padà títí di òní. Ṣaworoidẹ pa aláṣejù tó wà lórí ìtẹ́, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n lọ sílé. Agogo Èèwọ̀, tó tẹ̀lé e lọ́dún 2002, ló wá béèrè pé àwọn ìjòyè tó ń bá a jẹ ẹ́ ń kọ́? Ọba tuntun gorí ìtẹ́, àwọn olè àná ṣì jókòó yí i ká, wọ́n sì ń ki í kú oríire. Ta ló mọ ìyẹn ju àwa lọ? Àmọ́ ẹgbẹ́ Agogo Èèwọ̀ ò ní ọmọ ẹgbẹ́. Gbogbo ibi tí mo bá ti dá a sílẹ̀, èmi nìkan ni alága, èmi náà ni akápò.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ikú wo ló wà nínú Agogo Èèwọ̀ tó lè dé ibi ikú ológun tó fipá dé adé nínú Ṣaworoidẹ, nígbà tí wọ́n lù ìlù tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Mo ní ikú wo nínú ìyẹn? Ìyẹn ò le, ta ni kò lè ṣe é? Wọ́n ní, "Ṣe é ká rí i." Ìyá mi ní, "Jókòó." Ẹ sáà mọ èyí tí mo gbọ́ nínú méjèèjì.

Mo ní láti sọ ti ṣòkòtò mi níbí. Télọ̀ mi ló ní kò sẹ́ni tó ń wọ ṣòkòtò gbọọrọ mọ́, pé pẹ́ńsùlù ló lòde. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn lẹ́nu ọ̀nà, nǹkan kan ti dún. Mo rò pé egungun mi ni. Mo tilẹ̀ bá ara mi wí pé kí n máa ṣe eré ìdárayá.

Àbúrò ìyàwó mi gba àwo obì, ó ń lù ú bí ìlù. Mo di orí mú. Mo ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá, mo ta gọ́ọ́gọ́ọ́ padà, mo jẹ́ kí fìlà já bọ́, mo ké "Orí mi o!", mo sì fẹsẹ̀ méjèèjì ya láti ṣubú bí ọba.

Ṣòkòtò ya. Ẹ má rò pé ó ya lẹ́ẹ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́, ó gòkè lẹ́yìn, ó dé ibi bẹ́líìtì, ó sinmi, ó rò ó wò, ó tún sọ̀ kalẹ̀ gba iwájú itan. Ọmọdé yẹn dá ìlù dúró láti gbọ́ ọ dáadáa. Àwa gbogbo ń dúró dè é kó parí.

Lábẹ́ rẹ̀ ni páńtì mi wà, èyí tí wọ́n ya ọ̀gẹ̀dẹ̀ kéékèèké sí lára. Ẹ̀bùn ni. Mi ò ní sọ ẹni tó fún mi, ó wà nínú ilé lọ́jọ́ náà, ó sì ti fi gèlè bojú. Ìyá àgbà wọn tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ na ọrùn wá síwájú, wọ́n béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé wẹ́wẹ́ ni àbí àgbagbà?"

Àǹtí ló ṣàánú mi. Wọ́n ní ìró mìíràn nínú báàgì, wọ́n so ó mọ́ mi nídìí fúnra wọn. Òlékú ni. Orúnkún ló mọ. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n kọjú mi sí àwọn èèyàn, wọ́n ní, "Ẹ rí i? Ó ti bọ́ sí ẹgbẹ́ wa." Gbogbo O Le Kú pàtẹ́wọ́. Wọn ò ju obìnrin mẹ́ta lọ, ariwo wọn ló pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá rántí iṣẹ́ wọn. Wọ́n tún agbádá ṣe, wọ́n ní òdòdó tí à ń wí nìyẹn o. Bàbá ìyàwó wò mí látòkè délẹ̀ nínú ìró, wọ́n ní, "Ẹ ní ẹ wá já òdòdó lọ, ẹ̀yin náà sì tún gbé òdòdó wá." Wọ́n fún wa ní ìyàwó ṣá. Mo rò pé àánú ni.

Mo fi ìbínú gbé ṣòkòtò náà lọ bá télọ̀. Mo ti to èébú mi lẹ́sẹẹsẹ lójú ọ̀nà. Ó tẹ́ ṣòkòtò sílẹ̀, ó wo ojú ibi tó ya, ó ní kí ni mo ń ṣe tó fi ya dé ibí. Mo ṣàlàyé. Ó gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó ní, "Agogo Èèwọ̀ kẹ̀? Ẹ̀yin ò tíì wo Arugbá nìyẹn." Obìnrin kan tó wá wọn bùbá wò ní àwọn méjèèjì ò dé ibi Maami, pé òun sunkún títí ojú òun fi wú. Télọ̀ ní ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí pé fíìmù dáa. Mo bi í pé níbo ló ti ra Arugbá tirẹ̀. Ó ní lójú títì, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ayédèrú. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí, pé àwọn ayédèrú yìí ni TK ti ń ké lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́, ni mo bá rántí ibi tí Agogo Èèwọ̀ tèmi ti wá. Mo wúkọ́, mo yí ọ̀rọ̀ padà.

Nígbà tí mo fi délé ni mo rántí pé mi ò bú u. Ṣòkòtò náà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ò ní fi abẹ́rẹ́ kàn án àfi tí mo bá gbà pé Arugbá ló ga jù. Mo ní kó máa wọ̀ ọ́.