Ẹ gba ìwé kẹ́ ẹ tó wé gèlè

Àná lowó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé o, owó páńtò, eré ìtàgé apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n máa ń ṣe nígbà Kérésì níbí, tó ti parí látìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní! Inú ṣì ń bí mi, ẹ jẹ́ n tètè kọ ọ́ kí n tó gbàgbé bó ṣe dùn mí tó.

Ẹ̀yin ọkùnrin bíi tèmi tẹ́ ẹ ń wọṣọ obìnrin ṣeré nílùú oyinbo, ẹ mọ̀ ọ́n. Èmi ni dame, ìyá aláriwo táwọn ọmọdé máa ń pariwo mọ́ lórí ìtàgé. Wọ́n ní kí n mú aṣọ ara mi wá, mo lọ ra àǹkárá ní Rye Lane ní London, mo fi fóòmù tìmùtìmù ṣe ìdí, gèlè mi ga débi pé mo ń bẹ̀rẹ̀ kí n tó gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ nígbà míì. Ìwé àdéhùn ńkọ́? Ọ̀gá tó kó wa jọ ní ṣebí ọ̀rẹ́ ni gbogbo wa, èmi ọ̀dọ̀yọ̀ náà ní kò sí wàhálà.

Alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ló wá sọ pé £1,150 mi ò tíì sí, pé tíkẹ́ẹ̀tì ò tà, nínú hóòlù táwọn èèyàn ti ń dúró lẹ́yìn! Ibi tí mo ti ń bá a fà á ni wọ́n ti ti yàrá ìmúra, òróró tí mo fi ń nu ojú wà nínú ẹ̀, bí mo ṣe jáde nìyẹn.

Mo wọ bọ́ọ̀sì 36 ní Vauxhall. Ghana-must-go méjì wà láàárín ẹsẹ̀ mi, wíìgì wà nínú nylon lórí itan mi bí ológbò tó sùn. Mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀rọ̀ lórí fóònù, màmá kan tó jókòó kọjú sí mi, tó ṣì so káàdì iṣẹ́ mọ́rùn, gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi. Ó bẹ̀rẹ̀ wò mí. “Ọmọ mi, ta ló nà ẹ́ báyìí?”

Tìróò ti ṣàn dé àgbọ̀n mi, pupa ètè ti lọ dé etí, màmá rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Mo ní “Ẹ má bínú mà, iṣẹ́ ni mà.” Ó da omi ìgò ẹ̀ sórí áńkáṣífù, ó ń nu ojú mi bí ẹni ń nu ọmọ ilé ìwé, ó wá ní, “Ṣé wọ́n sanwó iṣẹ́ ọ̀hún fún ẹ ṣá?”

Mo sunkún dé Camberwell.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n kọ̀wé sí Equity, ẹgbẹ́ òṣèré tí mo ti ń dá owó fún látọdún méjì. Wọ́n kọ lẹ́tà, owó wọlé. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ gba ìwé. Ìkejì, aṣọ tẹ́ ẹ fowó ara yín rán, kó wà nínú ìwé pé tiyín ni. Ìkẹta, ẹ máa mú òróró ìnujú dání nínú báàgì, àmọ́ aago tí wọ́n máa ti ilẹ̀kùn gan-an, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yẹn náà.

Ẹ má sì fi iṣẹ́ ojúmọmọ sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì yẹn ń gba iwájú ilé ọtí Royal Vauxhall Tavern kọjá, ibi tí olóògbé Paul O'Grady, òṣèré, ti máa ń múra bí obìnrin tó pè ní Lily Savage nígbà ayé ẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú fún káńsù Camden rí, bí èmi náà ṣe ń ṣe care. Ilé ọtí yẹn náà làwọn ọlọ́pàá ya wọ̀ lọ́dún 1987 tàwọn ti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, torí ẹ̀rù AIDS. O'Grady forí tì í títí tó fi ṣe Miss Hannigan nínú Annie, eré ìtàgé olórin, lọ́dún 1998. Ẹ forí tì í, mo gbà, àmọ́ kẹ́ ẹ forí tì í pẹ̀lú ìwé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bi mí pé irú iṣẹ́ wo lọkùnrin ń ṣe yìí, ẹ lọ bi ará Kétu. Ta ló ń so ọmú igi mọ́yà jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kì í ṣe ọkùnrin ni? UNESCO ṣáà ti kan sáárá sí i látọdún 2001. Ẹ̀yin ò sì sọ pé kẹ́nikẹ́ni má ná onígẹ̀lẹ̀dẹ́ lówó.

Ọ̀gá yẹn tún kọ sí mi láàárọ̀ yìí o, ó ń bi mí nípa Kérésì tó ń bọ̀. Mo ní “Ìwé dà?” Ó ti kà á. Kò tíì fèsì.