Bí a ṣe jókòó ti àbúrò mi nígbà tí ọkàn rẹ̀ dàrú

Bí ọkàn èèyàn yín kan bá dàrú, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ohun tí mo kọ́ lára àbúrò mi obìnrin nìyẹn.

Oògùn dókítà ló kọ́kọ́ jẹ́ kó rí oorun sùn. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan kọ́ ọ ní mímí àwọn oníyógà Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní pranayama: kó fi imú fa èémí sínú jẹ́jẹ́, kó sì jẹ́ kí títú u síta pẹ́ ju fífà rẹ̀ lọ. Patanjali, àgbà wọn láyé àtijọ́, ní kí ìrugùdù ọkàn lè rọlẹ̀ ni yógà ṣe wà. Mo fojú ara mi rí i: èjìká tó ti fẹ́ẹ̀ kan etí á rọra wálẹ̀.

Àmọ́ tó bá ti dá jókòó, ìrònú á tún gbé e lọ. Màmá wa ló wá jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí, tí wọ́n ń kì í: Àbẹ̀kẹ́, títí dórí oríkì orílẹ̀ wa. Níbi tí wọ́n bá ti dánu dúró ni òun náà ń tú èémí síta. Láti ọjọ́ náà la ti ń ṣe méjèèjì pọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ti rí èyí tipẹ́. Láti 1954 ní Àró, l'Abẹ́òkúta, ó ní kí aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, kí mọ̀lẹ́bí kan bá a wá, ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ti egbòogi gba ìṣọ́ra o. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn oníṣègùn wa fi ń wo wèrè, ìbátan igi tí wọ́n ń lò fún un ní Íńdíà ni. Ara ti Íńdíà ni wọ́n ti yọ èròjà oògùn tí wọ́n ń pè ní reserpine ní 1952. Oògùn gidi ni, ó máa ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ má fi egbòogi kún oògùn ọsibítù láìsọ fún dókítà.

Ní ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán tí àwọn oníṣègùn kan ń lò fún aláìsàn, mi ò gbà á láéláé. Kò sí ìwòsàn nínú ìyà. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ fi èèyàn yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kí ẹ máa lọ, ẹ mú un padà sílé.

Tó bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹ má dúró de mímí tàbí oríkì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kí ẹnìkan nínú yín sì dúró tì í níbẹ̀.