Kí Ẹ Tó Kó Àwọn Ọmọ Gun Òkè Ìdànrè

Ilé-ìwé ti gba họ́lídé, àwọn ọmọ sì ń ti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá ń gbé Àkúrẹ́ kò ní láti wá owó ọkọ̀ Èkó kó tó lè mú ìdílé rẹ̀ jáde. Òkè Ìdànrè kò ju bíi kìlómítà 20 ó lé díẹ̀ lọ sí wa. Ohun tó sì máa ń ba ìrìn náà jẹ́ kì í ṣe owó, aago ni. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á jẹun, wọ́n á wá bàtà tó sọnù, aago mẹ́wàá á ti lù kí wọ́n tó dé gáréèjì. Kí wọ́n tó gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, àpáta ti gbóná, ọmọ ọdún mẹ́fà ti jókòó pa pé òun ò lọ mọ́.

Ẹ kúrò nílé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀, ẹ ó ti máa sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn ọ̀sán tó le. Àtẹ̀gùn náà lé ní 600. Tọmọdé-tàgbà, ẹ fi wákàtí kan sílẹ̀ fún un, kí ẹ má sì kánjú. Wọ́n kọ́ ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Ẹ dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí kò tiẹ̀ tíì rẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó bá ń sáré gun 200 àkọ́kọ́ ni ẹ máa pọ̀n níkẹyìn.

Lóṣù kẹjọ, òjò máa ń sinmi díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrì àti òjò winniwinni kì í jẹ́ kí àpáta gbẹ tán. Ibi tí omi bá ti ń ṣàn gba orí àtẹ̀gùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa: ẹ ó rí nǹkan dúdú tó fẹ́ẹ́ jọ ewé, tó lẹ̀ mọ́ òkúta bí awọ. Bó bá gbẹ, ẹ lè tẹ̀ ẹ́. Bó bá tutù, ó ń yọ̀ ju ilá lọ. Ìdí nìyí tí sálúbàtà kò fi dára rárá, àti bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ. Kánfáàsì tó ti mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀ ló dára jù. Tuntun á bó o. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, ńṣe ni ìka á máa gbá imú bàtà. Bí òjò ńlá bá rọ̀ mọ́jú, ẹ sún un di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rá omi mẹ́ta tó àgbà kan, méjì tó ọmọ kan. Ẹ má dì í sínú báàgì ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹni yẹn má baà gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ kí òùngbẹ máa gbẹ àwọn yòókù. Mọ́ínmọ́ín tàbí búrẹ́dì àti ẹyin sísè tó fún oúnjẹ. Ọmọ ọwọ́, ẹ̀yìn ni kí ẹ pọ̀n ọ́n sí, kì í ṣe iwájú: ẹni tó gbé ọmọ síwájú kì í rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló sì ń dá eékún lóró ju gígùn lọ. Ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀, kí àgbà kan wà níwájú àwọn ọmọ, kí òmíràn wà lẹ́yìn wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú yẹn kan náà, ẹ sọ fún wọn pé ìlú ni wọ́n ń lọ wò. Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé fún ọ̀pọ̀ ìran kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú ìsàlẹ̀ dó. Láti ọdún 2007 ni Nàìjíríà ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Ọmọ tí kò bá gbọ́ èyí tẹ́lẹ̀, ògiri amọ̀ lásán ló máa rí. Èyí tó gbọ́ á béèrè ibi tí ọba ń jókòó sí, á béèrè ilé ẹjọ́ àtijọ́, á fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń pọn omi. Ní àfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba Ìdànrè, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àti pẹ́ńsù, kí ó yan ohun kan ṣoṣo, kí ó yà á. Ìṣẹ́jú 10 tó bá fi wò ó kó tó lè yà á á kọ́ ọ ju 40 fọ́tò lọ.

Ẹ bi amọ̀nà kí ẹ tó ya fọ́tò ojúbọ kankan. Ní ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, àmì ẹsẹ̀ kan tó wà lára àpáta, wọ́n máa ń sọ pé gbogbo ẹsẹ̀ ló bá a mu àyàfi ti àjẹ́. Bí ẹ̀rù bá ń ba ọmọ, ẹ má fi ipá mú un tẹ̀ ẹ́.

Bí agbára bá ṣì kù, ẹ dá ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀ fún Ọ̀wọ̀. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe ọdún Ìgógò níbẹ̀, ọjọ́ 17 ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ọrọnsẹn, olorì Rẹrẹngẹjẹn tó jẹ́ Ọlọ́wọ̀, ìyẹn ọba Ọ̀wọ̀, láyé àtijọ́, ni wọ́n ń rántí. Èèwọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n lọ ilá lójú rẹ̀, kí wọ́n da omi sí àgbàlá, tàbí kí ẹni tó ti oko dé ju ìdì igi sílẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì bínú lọ. Ibi tí wọ́n ní ó fi ọ̀já rẹ̀ sílẹ̀ sí, Igbó'Lájà, ni Ekpo Eyo, awalẹ̀pìtàn ọmọ Nàìjíríà, ti wú àwọn ère amọ̀ sísun jáde lọ́dún 1971, èyí tí àwọn onímọ̀ kà sí iṣẹ́ ọ̀rúndún 15. Ẹ kọ́kọ́ ya ilé mùsíọ́mù Ọ̀wọ̀, kí àwọn ọmọ rí iṣẹ́ ọwọ́ ará ìlú náà ní ìfarabalẹ̀ kí èrò tó pọ̀.

Lásìkò Ìgógò, wọn kì í lu ìlù, agogo ni wọ́n ń lù. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á di irun, á wọ iyùn bí obìnrin. Wọn kì í sì í dé fìlà, wọn kì í wé gèlè, àlejò kò yọ sílẹ̀. Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, fìlà bàbá àti gèlè ìyá gbọ́dọ̀ ti wà nínú báàgì.